Ẹ Bi Mí: "Ọmọ Ọdún 71 Ni Mí, Mo Fẹ́ Kọ́ Rélùwéè Sórí Tábìlì"

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ rélùwéè kékeré lójú ewé yìí, ìyẹn èyí tí àgbàlagbà ń tò sórí tábìlì, tí irin ẹ̀ ò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró mọ́. Méjì ni mo mú lónìí. Àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ wa. Ìkejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀ dáadáa.

*Bọ̀dá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú Igbó ni mo wà, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, èmi àti ọmọ ọmọ mi ọkùnrin la jọ to irin rélùwéè tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ojú kan náà lọkọ̀ yẹn ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tá a bá ti fi ìka tì í díẹ̀ á tún máa lọ. Ọmọ yìí wá ń sọ kiri ilé pé Ìyá Àgbà ò to irin yẹn dáa torí ojú wọn ti ń ṣú. Ẹ gbà mí o. Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú Igbó.*

Mà, ojú yín kọ́ o. Inú irin tí ọkọ̀ yẹn ń tẹ̀ gan-an ni iná ń gbà dé ara ẹ̀, ojú irin kan gbé pọ́sítíìfù, ìkejì gbé nẹ́gétíìfù, nǹkan kékeré tó bá ti dí iná yẹn lọ́wọ́, ọkọ̀ á dúró. Tó bá jẹ́ gbogbo ibi ló ti ń ta gẹ́gẹ́, eruku ọyẹ́ ni, ẹ fi aṣọ òwú tó mọ́ kan sípíríìtì, ẹ nu orí irin yẹn yí po, ẹ máa rí bí aṣọ ọ̀hún á ṣe dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ má fi sáńpépà kàn án o, ojú tó bá fá yẹn ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Àmọ́ ẹ ní ojú kan náà ló ń dúró sí, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé oríkèé ni, ìyẹn páànù tínrín tó so irin kan mọ́ ìkejì. Oòrùn ojú fèrèsé ń na irin yẹn lọ́sàn-án, òtútù ọyẹ́ ń sún un kì lóru, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé yẹn ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi pílíásì fún un díẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà. Tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ jẹ́ kí aṣàtúnṣe rédíò bá yín jó wáyà tínrín mọ́ irin níwájú àti lẹ́yìn oríkèé náà, ó parí nìyẹn. Kí ọmọ yẹn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, kó sì bá yín di irin yẹn mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fún un.

*Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìjẹ̀bú Òde níbí, mo ti pé ọdún 71. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ń ra obì gbànja kiri oko, láti Ìjẹ̀bú títí wọ Rẹ́mọ, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ńlá tí wọ́n ti fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú, mọ́tò á gbé e dé Àgége, ibẹ̀ lá ti wọ rélùwéè lọ sí Kánò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá wọn lọ. Fèrè ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì wà létí mi. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá ra rélùwéè kékeré ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì kan, wágùnù mẹ́ta, irin tó yí po, wọ́n kọ OO sára páálí ẹ̀, mo sì pinnu pé ibùdó Àgége ìgbà yẹn ni màá fi kọ́. Mo ṣèèṣì dárúkọ ẹ̀ nípàdé regbéregbé wa. Háà! Ọ̀kan ní bá a bá ń dàgbà à á yé ogun-ún jà, pé èmi ni mo wá ń bẹ̀rẹ̀ ogun ọmọdé. Òmíì ní ṣé kí àwọn ra fídà dání fún mi tá a bá ń lọ Ojúde Ọba. Ẹ̀rín la fi gbogbo ẹ̀ rín, ṣùgbọ́n mo dé ilé, ó ṣì wà lọ́kàn mi. Ó sì ṣe tán orúnkún ń dùn mí, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n díẹ̀, ìyàwó mi sì ní yàrá tí mo fojú sí yẹn, àlejò Iléyá ló ni ín. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni àbí kí n kó o fáwọn ọmọdé? Bàbá Tíṣà.*

Ẹ bẹ̀rẹ̀, sà. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ogun tí àgbà ń yé jà, ogun tó ń fẹ́ eré sísá ni. Èyí tó ń fẹ́ kéèyàn jókòó ti páálí kékeré kan fún wákàtí méjì kó máa gé e, kó máa wọ̀n ọ́n, kó tún un gé, ìgbà wo lẹ fẹ́ jà á tí kì í bá ṣe ìsinsìnyí tí kò sí aago iléèwé tó ń lé yín mọ́? Ẹ bá mi bi àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín bóyá wọ́n rántí Rod Stewart, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tá à ń gbọ́ orin ẹ̀ nígbà tára wa ṣì ń ta. 1945 ni wọ́n bí i. Ó fi ọdún tó lé lógún kọ́ odidi ìlú rélùwéè sínú ilé ẹ̀ ní Los Angeles, 2019 ló gbé odidi ẹ̀ jáde fáráyé wò, kódà tó bá ń rìnrìn àjò orin kiri, ó máa ń gba yàrá míì mọ́ tiẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì torí àtimáa kan ilé kéékèèké yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ra fídà fún un.

Ó yá, ká wọ inú iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni orí ti bá yín ṣe é. OO tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n pín ọkọ̀ gidi sọ́nà 76, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣàpẹẹrẹ. Àmọ́ fífẹ̀ irin ẹ̀, mìlímítà 16.5 ni. Ojú irin àtijọ́ tiwa, èyí tí wọ́n fà láti Èkó tó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni fífẹ̀ ẹ̀, ìyẹn mìlímítà 1,067. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ pín 1,067 sí 64. Ẹ rí i? 16 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé irin tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, tẹ́ ẹ bá ti kọ́ wágùnù àti ilé lé e lórí ní ìdá kan nínú 64, irin Àgége ìgbà bàbá yín gan-an ló dà, ẹ ò ní ra irin míì. (Ẹni tó bá jẹ́ ti tuntun yẹn ló wù ú, èyí tí wọ́n ṣí láàárín Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, mìlímítà 1,435 nìyẹn, irin kan náà á ṣe é tó bá kọ́ ọkọ̀ ẹ̀ ní ìdá kan nínú 87. Kó má ṣáà po méjèèjì pọ̀ sórí tábìlì kan, ọ̀kan á dà bí òmìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì.)

Ìwọ̀n 64 yìí bá ojú àti ọwọ́ yín mu, ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Èèyàn tó dúró ní ibùdó yín á ga tó mìlímítà 27, ó lé díẹ̀ ní ínǹṣì kan, ẹ lè dì í mú, ẹ lè kùn ún lọ́dà. Àwọn mọ́tò kékeré tí àwọn ọmọdé ń rà, irú Hot Wheels àti Matchbox, púpọ̀ nínú wọn sún mọ́ ìwọ̀n yẹn, torí náà mọ́tò tó gbé obì wá láti Ìjẹ̀bú, ẹ fi páálí kọ́ ilé igi lé èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí lọ́jà. Agbọ̀n obì ńkọ́? Ẹ tú okùn rọ́pù sí wẹ́wẹ́, ẹ wé e yí ìdérí bírò ká pẹ̀lú gúlùù, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ gé e kúrú. Ẹ ki bébà tútù bí ewé sí i lẹ́nu, kó yọrí díẹ̀ síta bí gbòdògì ṣe máa ń yọ. Mo ṣe mẹ́jọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré, mo sì mọ̀ pé ẹ máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì inú páálí yẹn á kéré díẹ̀ fún ìwọ̀n tuntun. Àwọn ẹ́ńjìnnì River class tó wà lára àwọn tó ń fa ọkọ̀ wa nígbà náà, ẹsẹ̀ irin ńlá mẹ́jọ ni wọ́n ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún mẹ́rin lápá òsì, kò yẹ kẹ́ ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ti inú páálí wà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi páálí kọ́ ara tuntun lé e, kó jẹ́ ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń to wágùnù nínú ọgbà ibùdó.

Ní ti tábìlì, ẹ gbọ́ tèmi yìí. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní Ìpẹru níbí, odidi plywood ni mo ní kí káfíńtà gbé lé ẹsẹ̀, mo tì í mọ́ ògiri, ó rẹwà lójú mi. Kò pẹ́ tí wágùnù méjì fi ṣubú ní igun ọ̀hún lápá ògiri, ọwọ́ mi ò dé bẹ̀, mo bá gun tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ mi ló wó ilé ìdúró tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́, ó dùn mí gan-an. Torí náà sà, ọwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ máa nà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ lọ. Plywood mìlímítà 9, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní mẹ́rin, ni kẹ́ ẹ rà, kí káfíńtà là á sí méjì ọgbọọgba, kó fi igi tínrín gbá a lábẹ́, kó fi bóòtù so méjèèjì pọ̀. Ẹ gbé e sáàárín yàrá kẹ́ ẹ lè yí i ká, kí gíga ẹ̀ tó ínǹṣì 42, ẹ wá ìjókòó gíga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orúnkún yín ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Tó bá wá di Iléyá tí àlejò Ojúde Ọba ń bọ̀, ẹ tú bóòtù, kí èèyàn méjì gbé e, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tì í sára ògiri, ìyá ò ní rí ẹ̀sùn kankan rò. Kí káfíńtà tó lọ, kó fi solignum kun igi yẹn nítorí ikán, tójú tẹ̀yìn, kó wà níta títí òórùn ẹ̀ á fi lọ. Ẹ fi ọ̀dà kun plywood náà lójú méjèèjì, torí ojú kan ṣoṣo tí wọ́n bá kùn, òjò Ìjẹ̀bú á ká a kò.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ má dá a dúró lófuurufú. Ẹ fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sì ra awò tí àwọn aṣàtúnṣe aago máa ń fi sójú.

Iná: ẹ má so iná NEPA mọ́ irin yẹn láéláé, bó ti wù kó rí. Fóòtì 12 ni ọkọ̀ náà ń jẹ, bátìrì sólà oní fóòtì 12 tó bá wà nílé á gbé e, ẹ jẹ́ kó gba inú kọ̀ntírólà, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fi ń dín iná ọkọ̀ kù tẹ́ ẹ sì fi ń fi kún un, kí fíúùsì wà lójú ọ̀nà ẹ̀.

Ilẹ̀ àyíká ibùdó, yẹ̀pẹ̀ pupa ilé yín náà ni. Ẹ yan án gbẹ, ẹ fi ajọ̀ kù ú títí á fi lúbúlúbú, lẹ́yìn náà ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì ra á kọjá lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ohun dúdú kan á lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì yẹn bí irùngbọ̀n. Irin ni, inú yẹ̀pẹ̀ ló wà, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ inú mọ́tò ẹ́ńjìnnì ló máa há sí. Ẹ bu gúlùù Top Bond àti omi ní ọgbọọgba, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè rìn wọlé, kẹ́ ẹ máa fi sírínjì kán an sórí yẹ̀pẹ̀ náà. Òrùlé páànù, ẹ tẹ bébà tó nípọn mọ́ ìyarun oníwẹ́wẹ́, á ní ìlà bíi páànù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dípẹtà, ẹ gún obì, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kùn ún. Pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn, mi ò tíì rí ọ̀dà alágolo tó ṣe é bẹ́ẹ̀, fún ibùdó obì sì nìyẹn.

Ó ku ohun kan, sà, òun ló sì jẹ mí lógún jù. Ẹ ò sọ pé ẹ ní fọ́tò Àgége ìgbà yẹn. Níbo lẹ ti fẹ́ mọ iye fèrèsé, ibi tí àga wà, apá ibi tí wọ́n ń to agbọ̀n sí? Nínú àwọn tó ń dá a lápàárá yẹn ni o. Ó dájú pé ẹni tó bá bàbá ẹ̀ lọ Àgége nínú wọn ò lè ṣe yín nìkan. Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yẹn lọ, ẹ gbé e sórí tábìlì kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ ṣí ìwé, ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ bi ẹni tó sọ̀rọ̀ fídà yẹn pé, "Ọ̀rẹ́, lọ́wọ́ ọ̀tún ni ilé tíkẹ́ẹ̀tì wà ni, àbí lọ́wọ́ òsì?" Ẹ kọ ohun tí oníkálukú bá sọ sílẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń bára wọn jiyàn. Kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà sí mi kí ọyẹ́ tó parí, mo fẹ́ mọ apá ibi tó wà.