Ta Ló Ṣáná fún Ológbò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Kàtúùnù Garfield ti July 27, 1978 yẹn, Jon jókòó ó ń ka ìwé ìròyìn, ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó ní ìkòkò tábà òun dà, àfi bá a ṣe rí Garfield ológbò ẹ̀ nínú àwòrán kẹta tó ń fà á lọ ràì, ni Jon bá pariwo "Garfield!" Ìyàwó mi ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Èmi ní ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ta ló jàre? (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìwọ lo jàre, àmọ́ má sọ fún ìyàwó ẹ pé èmi ni mo wí o. Ẹ̀fẹ̀ lásán kẹ̀? Wo àwòrán kẹta yẹn dáadáa. Jon ò sí ńbẹ̀, ohùn ẹ̀ nìkan ló wọlé. Kò bá a lọ́wọ́ ológbò, kò béèrè pé ta ló gbé e, orúkọ ló kàn pè tààrà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Bẹ́ẹ̀ June 19 ọdún yẹn ni kàtúùnù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn 41 ní Amẹ́ríkà, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìwà ẹ̀ ti di mímọ̀ tó báyẹn!

Ibi tó wá dùn nìyí: ta ló ṣáná sí i? Jim Davis tó ya kàtúùnù yìí, oko ló dàgbà sí ní Indiana láàárín ológbò 25, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ológbò ò lè di ìṣáná mú. Àwọn kan á ní Lyman ni, ọ̀rẹ́ Jon tí wọ́n jọ ń gbé. Irọ́ o, August ni Lyman kó dé, òun àti Odie ajá ẹ̀ (wọ́n padà yọ Lyman kúrò láìdágbére, ẹjọ́ tòun náà ń bọ̀ jàre). Ó ku Jon nìkan nínú ilé. Á jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló tan tábà kalẹ̀, tó gbàgbé ẹ̀ pẹ̀lú iná lórí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn, tó wá ń pariwo mọ́ ológbò tó bá a gbé e kúrò kílé má bàa jó. Ọpẹ́ ló yẹ kó dú.

Ó sì tún kù. Kàtúùnù ni Jon alára ń yà jẹun, ojú ewé kàtúùnù ló dá mi lójú pé ó ń kà. Ṣebí àwòrán kẹta wà ńwájú ẹ̀ níbẹ̀, kí ló tún ń béèrè ìkòkò sí?