Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Máa Ń Bá Ọmọ Inú Rẹ̀ Jà?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Oyún méjì ti wálẹ̀ lára mi. Ìyá eléwé ọmọ kan ní Ọjà Ọjẹ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ló ń bá ọmọ jà nítorí pé ti bàbá ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ó sì fún mi ní àgbo tí yóò dín agbára ẹ̀jẹ̀ náà kù. Ṣé kí n máa mu ún bí mo bá tún lóyún? (Ìyàwó ilé kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má mu ún. Kí Ọlọ́run fi ọmọ tí yóò dúró ṣìpẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa gbọ́ kí wọ́n sọ fún aboyún pé ara rẹ̀ ni ọ̀tá ọmọ rẹ̀.

Ìdajì àbùdá ọmọ ló ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì sì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Lóòótọ́, bí a bá gbé kíndìnrín ọkọ sínú ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara obìnrin náà (àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn àti àjèjì jà) yóò gbéjà kò ó, àfi bí ó bá ń lo oògùn. Ìdí nìyí tí Peter Medawar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi béèrè ní ọdún 1953 pé kí ló dé tí ara ìyá kì í lé ọmọ dànù. Ọ̀kan nínú àbá tó dá ni pé bóyá ṣe ni àwọn ọmọ ogun náà ń ṣe ìmẹ́lẹ́ nígbà oyún. Àwọn tó ṣe ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Inú ibi ọmọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ń ṣàn yí ibi ká, ti ọmọ ń ṣàn nínú rẹ̀, wọn kì í sì í dà pọ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi tó kan ara ìyá kì í gbé àwọn àmì HLA-A àti HLA-B, tí ara fi máa ń tètè dá àjèjì mọ̀, síta. Àwọn tó wọnú ilé-ọmọ lọ ń gbé HLA-G, èyí tó ń pẹ̀tù sí ìyá lára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan wà tí a mọ̀ sí apani, nítorí pé pípa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn bá wọ̀ ni iṣẹ́ wọn níbòmíràn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ilé-ọmọ, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń bá ibi fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá lójú kí oúnjẹ àti atẹ́gùn lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn tí ìyá eléwé fẹ́ sọ di aláìlágbára gan-an nìyẹn.

Bó bá sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ìyá ń sùn nígbà oyún ni, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí a ń gún aboyún ì bá má wúlò, nítorí ara ìyá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun ìjà tó ń gba inú ibi kọjá lọ dáàbò bo ọmọ.

Rhesus, ìyẹn àmì kan lára ẹ̀jẹ̀ tó lè jẹ́ pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gẹ́tíìfù, ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìyá ti lè bá ti ọmọ jà ní tòótọ́, tí ti ìyá bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù tí ti ọmọ sì jẹ́ pọ́sítíìfù. Oyún tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sábà máa ń pa lára, abẹ́rẹ́ anti-D láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ ló sì ń dènà rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ genotype AA tàbí AS kọ́ nìyẹn o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa wọ́n pọ̀.)

Ohun tó fa ti yín, n kò lè sọ ọ́ láìrí yín. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn UCH tàbí Adéọ̀yọ́ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó tún lóyún, kí ẹ sì mú ìgò àgbo náà lọ́wọ́ tí ẹ bá ti mu nínú rẹ̀, nítorí dókítà yóò béèrè.