Mẹ́mórì kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: ṣé kí n máa nù ún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 4GB, Ubuntu, irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá tẹ free -h, mo ń rí total 3.7Gi, used 2.0Gi, free 190Mi, buff/cache 1.5Gi, available 1.3Gi. Ẹnìkan ní kí n jẹ́ kí drop_caches, àṣẹ tó ń kó ohun inú buff/cache dànù, máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kí mẹ́mórì lè pọ̀ sí i. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Available ni kí ẹ máa wò, ẹ fi free sílẹ̀.

Linux kì í jẹ́ kí mẹ́mórì wà lófo. Fáìlì tó bá kà lórí dísíìkì, á fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú RAM, kó má bàa tún padà lọ kà á. Ibẹ̀ ni buff/cache yín ti wá. Bí áàpù kan bá nílò àyè, Linux á kó èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀dà wọ̀nyẹn dànù lójú ẹsẹ̀. Available ló ń fojú díwọ̀n iye tí áàpù tuntun lè rí lò láìsí pé ẹ̀rọ ń sá lọ sórí swap, ìyẹn àyè tó ń gba ohun tí RAM kò lè gbà mọ́. Kernel (ọkàn Linux) 3.14, lọ́dún 2014, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ti wà ṣáájú ìgbà náà kò sì mọ̀ ju free lọ.

Alásè kó ata, epo àti iyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ẹ wá ní kó máa kó gbogbo rẹ̀ padà sí yàrá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún: iṣẹ́ drop_caches nìyẹn. Free á ga lóòótọ́, ẹ̀rọ á sì lọ́ra. Àwọn tó ń dán kernel wò ni wọ́n ṣe é fún.

Ìgbà wo wá ni ọ̀rọ̀ di wàhálà? Bí available bá ń sún mọ́ òfo, ẹ tẹ vmstat 1, kí ẹ sì wo si (ohun tó ń padà láti swap) àti so (ohun tó ń lọ sí swap). Pé nǹkan wà nínú swap kò burú. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá yé ga, tí ẹ̀rọ sì ń gan, mẹ́mórì kò tó nìyẹn. Ẹ ṣí top, tó ń to àwọn áàpù tó ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Shift àti M, ẹ wo RES, iye RAM tí áàpù kọ̀ọ̀kan ń lò. Ẹ má jẹ́ kí VIRT, gbogbo àyè tí áàpù yà sọ́tọ̀, dẹ́rù bà yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà nínú RAM. Lórí ẹ̀rọ 4GB, búráósà ló sábà máa ń wà lókè pátápátá. Nínú Firefox, ẹ kọ about:processes síbi àdírẹ́sì, ẹ ó rí iye tí táàbù kọ̀ọ̀kan ń jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe gan-an ni zram, tó ń fún ohun tó wà nínú RAM pọ̀ kó lè gba àyè díẹ̀. Fedora, irú Linux mìíràn, ti ń fi í sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láti Fedora 33 ní 2020. Lórí Ubuntu: sudo apt install zram-tools. Ẹ kọ PERCENT=50 sínú /etc/default/zramswap, kí ẹ wá tẹ sudo systemctl restart zramswap.

Bí Firefox bá sì ń pòórá lójijì lórí Ubuntu 22.04 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ journalctl -u systemd-oomd. Bí ẹ bá rí i pé systemd-oomd, tó ń pa áàpù nígbà tí mẹ́mórì bá ń tán lọ, ló pa á, kì í ṣe Firefox ló bàjẹ́. RAM ni kí ẹ wá owó fún.