Èsì: Odò Zambezi fún ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ kò lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ sì fẹ́ wọ ọkọ̀ rọ́bà lórí Zambezi, odò tó wà láàárín Zambia àti Zimbabwe, nísàlẹ̀ ìṣàn omi Victoria Falls, ní oṣù kẹrin.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe oṣù kẹrin. Omi kún àkúnya nígbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn kì í sì jẹ́ kí èèyàn gba gbogbo ibi ríru (ibi tí omi ti ń sáré, tó ń ru láàárín òkúta) kọjá. Nígbà mìíràn wọn kì í lọ rárá. Ẹ sún un sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, tí omi bá ti fà.

Ti lílúwẹ̀ẹ́ yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀wù tó ń múni léfòó wà lọ́rùn gbogbo yín, akoto sì wà lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín jẹ: ọkọ̀ máa ń dojú dé níbẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá já sómi, ẹ má bá a jà. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín ṣáájú síbi tí omi ń ṣàn lọ, kí ẹ má sì gbìyànjú láti dìde dúró, torí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta. Èmi gbé omi mì tó kóòpù méjì kí wọ́n tó fà mí wọkọ̀!

Wọ́n fún àwọn ibi ríru náà ní nọ́ńbà; ìkẹsàn-án, ẹsẹ̀ ni èrò fi ń rìn ín kọjá lórí àpáta. Ohun tó dá mi lágara jù ni gígun òkè jáde kúrò nínú kòtò Batoka, àfonífojì jíjìn tí odò náà ń gbà kọjá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn láti ìsinsìnyí.