Bí oògùn jẹjẹrẹ bá ti inú òdòdó wá, ṣé a kò lè sè é mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlera, ọ̀gá wa apòògùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Hodgkin, èyí tó mú kókó yọ sí i lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fa oògùn mẹ́rin sí i lára. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún wa pé inú òdòdó periwinkle ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú wọn, vinblastine. Kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí i yìí, ti sú ẹ̀gbọ́n mi, irun rẹ̀ ti re tán. Ṣé a kò lè máa se ewé òdòdó náà fún un dípò abẹ́rẹ́? Ẹnì kan tún ti gbé àgbo jẹjẹrẹ fún un, ó ti ń mu ún, àmọ́ kò fẹ́ kí dókítà gbọ́. Ṣé ewu kankan wà níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aájò o. Ọlọ́run yóò fún ẹ̀gbọ́n yín ní àlàáfíà. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun: ẹ má se ewé periwinkle fún un. Ní ti àgbo, kó dá a dúró ná, kí ẹ sì sọ fún dókítà kó tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn.

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ní 1952, wọ́n fi ewé periwinkle ránṣẹ́ láti Jàmáíkà sí Kánádà, ó sì dé ọwọ́ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Noble, pé àwọn kan ń sè é mu níbẹ̀ fún àtọ̀gbẹ. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Charles Beer yẹ̀ ẹ́ wò lára èkúté. Èyí tí wọ́n rọ sí èkúté lẹ́nu kò yí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gún un fún lábẹ́rẹ́ ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, kòkòrò àrùn ló pa wọ́n, torí pé sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbèjà ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ronú pé ohun tó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù tó báyìí lè wúlò fún jẹjẹrẹ tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ló ń ya bo ara. Wọ́n kéde vinblastine ní 1958. Inú ewé kan náà ni vincristine ti wá. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1963, a ṣì ń fi tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ títí dòní.

Ẹ tún ìtàn èkúté yẹn kà. Ewé kan náà ni o. Èyí tó gba ẹnu wọlé kò ṣe bẹbẹ, èyí tó gba abẹ́rẹ́ wọlé pa wọ́n. Bí vinblastine ṣe rí nìyẹn: bí èèyàn bá gbé e mì, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó máa dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ là ń fà á sí.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò rẹ̀ wò. Kí wọ́n tó rí gíráàmù 1 vinblastine, wọ́n á lo nǹkan bíi kílò 500 ewé gbígbẹ. Nínú ìtọ́jú Hodgkin, a máa ń fi gíga àti ìwúwo èèyàn ṣírò bí ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, a ó sì fún un ní mílígíráàmù 6 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ti ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ 1.7, mílígíráàmù 10 àti díẹ̀ ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan. Ewé gbígbẹ kílò 5 nìyẹn fún abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, bí ẹ bá tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láìfi ẹyọ kan ṣòfò. Ṣé kílò 5 ewé wá ni ẹ fẹ́ kó mu ni? Oríṣi kẹ́míkà tó jọ vinblastine tó wà nínú igi yẹn lé ní 100, òmíràn pọ̀ níbẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, àwọn kan sì ń da ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rú. Èyí tó wà nínú ewé tí ẹ já lónìí kò ní bá ti oṣù tó ń bọ̀ dọ́gba. Bẹ́ẹ̀, àárín ìwọ̀n tó ń woni sàn àti èyí tó ń pani kò jìnnà síra nínú oògùn yìí. Kì í ṣe àṣejù pé èèyàn méjì gbọ́dọ̀ yẹ ìṣirò náà wò kó tó kúrò lọ́wọ́ wa, tí a sì ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kó gbà. Bó bá ṣèèṣì wọ inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Kí ló tiẹ̀ ń ṣe nínú ara? Kí sẹ́ẹ̀lì tó lè pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ ta àwọn okùn tín-ín-rín kan nínú ara rẹ̀, tí yóò fi fa ẹrù inú rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Vinblastine kì í jẹ́ kí okùn yẹn ta. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń sáré àtipín á wá há síbẹ̀, á kú. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ìdí irun náà ń sáré pín, ti mùdùnmúdùn inú egungun náà ń sáré pín. Ìdí nìyí tí irun ẹ̀gbọ́n yín fi re, bó tilẹ̀ jẹ́ pé doxorubicin tí wọ́n jọ ń fà sí i lára ló jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ irun yẹn. Yóò hù padà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé inú kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ ni doxorubicin ti wá, ibẹ̀ náà ni bleomycin, oògùn kẹta, ti wá, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ló sì ṣe dacarbazine tó ṣìkẹrin. Kò tíì sí ẹni tó bi mí rí bóyá kí òun máa bu iyẹ̀pẹ̀ jẹ.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ewé. Láàárín 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980s, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹ omi tí wọ́n yọ lára ewé, èèpo àti gbòǹgbò wò, oríṣi tó lé ní 100,000. Paclitaxel, tí a ń lò fún jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ilé ẹyin, jáde látinú iṣẹ́ yẹn. Ní 1962 ni wọ́n ṣí èèpo igi yew tó ti wá ní ìpínlẹ̀ Washington, 1992 ni oògùn náà gba àṣẹ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Igi kan láti Ṣáínà tún wà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Monroe Wall àti Mansukh Wani, yọ camptothecin lára rẹ̀ ní 1966. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n wá fún èèyàn, àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní láti dá àyẹ̀wò náà dúró. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí oògùn jẹjẹrẹ méjì tó jáde lára rẹ̀, irinotecan àti topotecan, tó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1996. Nítorí náà, inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé “ewé lásán ni, kò lè ṣe nǹkan kan.” Ewé tó bá lè pa jẹjẹrẹ lè pa ẹni tó ni ín.

Ẹ óò tún máa gbọ́ pé wọ́n ti fi ewé kan pa jẹjẹrẹ ní yàrá àyẹ̀wò. Inú abọ́ gíláàsì lèyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bílíìṣì náà ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́. Curcumin inú àtalẹ̀ pupa ń ṣe dáadáa níbẹ̀, àmọ́ bí èèyàn bá jẹ ẹ́, díẹ̀ bíńtín ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀.

Ó ku ti àgbo, òun ló sì ń kọ mí lóminú jù. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú vinblastine palẹ̀. Ewé mìíràn máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ sáré jù, oògùn á tán nínú ara kó tó ṣiṣẹ́. Òmíràn máa ń dá a dúró, oògùn á sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fún un ní ìlọ́po. Ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní St John's wort tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nígbà tí àwọn tó ń gba irinotecan lò ó pọ̀ mọ́ ọn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú oògùn náà fi ìdá 42 nínú 100 dín kù lára wọn. Aláìsàn ń jìyà kímò, kò sì rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà tán. Kò sí ẹni tó lè wo ike àgbo lókèèrè kó sọ èwo nínú méjèèjì ló máa ṣe.

Kó má sì ronú àtifi àgbo rọ́pò ìtọ́jú. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ní 2018 wo èèyàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn ká, tí wọ́n kọ ìtọ́jú ilé ìwòsàn, tí wọ́n di ìtọ́jú mìíràn mú. Ewu ikú wọn jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti àwọn tó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Hodgkin gan-an wà lára jẹjẹrẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá bí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ wọn pé. Yóò dùn mí bó bá fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Mo mọ ìdí tó fi ń fi pamọ́. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà lẹ́bi, àwọn kan nínú wa a máa jágbe mọ́ èèyàn bó bá dárúkọ àgbo. Bí ẹ̀rù dókítà bá ń bà á, kó pe apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì tó ń fa oògùn sí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé ike àgbo náà dání, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti iye tó ń mu lójúmọ́ sórí bébà. Wọ́n lè fẹ́ yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní èyí tó kàn. Kó tún sọ ohun tó sú u nínú kímò yẹn gan-an: bó bá jẹ́ èébì, oògùn rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ tí kò yà, vinblastine ló sábà ń fà á, òun náà ní oògùn tirẹ̀. Bí ìka ọwọ́ rẹ̀ bá ń ta á wínníwínní, kó má fi pamọ́, wọ́n lè dín ìwọ̀n oògùn kù.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná, ẹ má fún un ní àgbo ibà, ẹ má sì dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní wákàtí yẹn, ìbáà jẹ́ òru, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ó ń gba kímò.