Ìgbóná ara lẹ́yìn ìbímọ: ẹ ka èémí rẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn ibà

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú wàhálà àbúrò yín. Ẹ ní ó bímọ nílé agbẹ̀bí ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, ara rẹ̀ ń gbóná, òtútù ń mú un, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀ ń rùn. Ó ti lo oògùn ibà tán, kò sàn, àwọn àgbà ilé sì ní ọmú tó kún ló fà á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà àti yàrá iṣẹ́ abẹ lálẹ́ òní. Ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ má sì ra oògùn mìíràn ní kẹ́mísìtì. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ lè kà á lójú ọ̀nà.

Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyí. Ibi tí olóbì ti já kúrò nínú ilé ọmọ, egbò tútù ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ tó là sílẹ̀ níbẹ̀ kò sì kéré. Kòkòrò tó bá gba ojú ara gòkè débẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Bí ara bá wá ń bá kòkòrò náà jà débi pé ìjà ọ̀hún ń ba ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ọkàn àti ọpọlọ jẹ́, òun ni àwọn oníṣègùn ń pè ní sepsis. Ó lè ṣẹlẹ̀ nínú oyún, nígbà ìrọbí, lẹ́yìn tí oyún bá bàjẹ́, àti títí di ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìbímọ.

Ọmú tó kún lè mú ara gbóná díẹ̀ lóòótọ́, ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ọmú méjèèjì á le, ọmọ á mu ún, á rọ̀, ìgbóná náà á sì lọ láàárín ọjọ́ kan. Kì í mú ẹ̀jẹ̀ rùn. Ní ti ibà, kí wọ́n gún ìka rẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó ní ibà wà kò sọ pé ibà nìkan ló wà. Ibà àti sepsis lè jọ wà lára ẹnì kan, a ó sì tọ́jú méjèèjì pọ̀ ni. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń pe gbogbo ìgbóná ara ní taifọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi àkókò ìyá ìkókó ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èémí, nítorí òun ni gbogbo èèyàn ń fojú fò. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ó má fún ọmọ lọ́mú. Ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ ka èémí rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ á yí i padà láìmọ̀. Ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń ka ìlù ọkàn, kí ojú yín wà lára aṣọ tó ró mọ́ àyà: aṣọ gòkè, aṣọ sọ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ fi aago fóònù kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ka ìdajì tó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì sábà máa ń ṣì í. Ara tó yá máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20. Bí ó bá kọjá 20 nígbà tó ti sinmi, nǹkan wà níbẹ̀. Bí ó bá di 25, pàjáwìrì ni, ì báà ṣe pé ara rẹ̀ kò gbóná rárá. Kí ẹnì kankan má sọ pé oyún ló fà á: oyún máa ń mú obìnrin mí jinlẹ̀, kì í mú un mí kíkankíkan bẹ́ẹ̀.

Èémí ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ torí pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ara dáadáa mọ́, ásíìdì á máa kó jọ, ara á sì máa mí kíákíá láti lé e jáde. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó wálẹ̀. Ọkàn obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí lágbára, á máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sún kì, ẹ̀rọ á ṣì máa kọ 110/70, nọ́ọ̀sì á ní kò sí nǹkan. Tí nọ́ńbà òkè bá wá já sí abẹ́ 90, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ẹ ka ìlù ọkàn náà: tó bá kọjá 110 nínú ìsinmi, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ìgbóná 38 sókè, ẹ mọ ìyẹn. Èyí tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé ara tó tutù, tó wà lábẹ́ 36, lè burú ju èyí tó gbóná lọ. Paracetamol sì máa ń bo ìgbóná mọ́lẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí náà ẹ rántí aago tó lò ó gbẹ̀yìn, kí ẹ sọ fún dókítà. Ibuprofen àti diclofenac, ẹ fi wọ́n sílẹ̀: wọ́n ń bo ìrora mọ́lẹ̀, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára nígbà tí omi ara ti gbẹ. Bí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ díẹ̀ báyìí tó sì dúdú, kíndìnrín ti ń jìyà nìyẹn.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ wo lo bímọ? Kí ni a sọ ọmọ? Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ọmọ ń ké tí kò bìkítà, ẹ má tíì pè é ní abísínwín. Ìyá ìkókó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tí ara rẹ̀ ń gbóná tàbí tí èémí rẹ̀ yára, ọpọlọ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa. Ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. Èyí máa ń dùn mí jù, nítorí wákàtí tó yẹ kí abẹ́rẹ́ wọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀ nílé àdúrà.

Ẹ má sì fi òórùn nìkan ṣe ìdánwò. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní streptococcus ẹ̀yà A, òun náà ló máa ń fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Ó lè pa obìnrin láàárín ọjọ́ kan sí méjì láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rùn. Inú rírun tó le ju ohun tí ojú rí lọ, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló fi máa ń wọlé, àwọn èèyàn á sì ní oúnjẹ ló bà á nínú jẹ́. Bí ọ̀fun bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú ilé, kí ó fọwọ́ dáadáa, kí ó jìnnà sí ìyá ìkókó.

Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ má kàn ní "ara rẹ̀ kò yá." Ẹ sọ pé: "Ó bímọ ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, ó ń mí ìgbà 28 ní ìṣẹ́jú kan, kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹ̀rù sepsis ló ń bà mí." Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ̀yin kà síbẹ̀. Ẹ sọ bí ó ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí omi oyún ya kó tó bímọ, bóyá olóbì jáde tán, bóyá wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bóyá ojú ara rẹ̀ ya tí wọ́n rán an. Ẹ gbé ọmọ náà dání kí wọ́n yẹ òun náà wò, kí ẹ sì mú ẹni méjì tó lè fún un lẹ́jẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tó ń kà á, wákàtí àkọ́kọ́ ni tiyín. Kánúlà ńlá méjì, 16 tàbí 18. Bí ìgò àyẹ̀wò kòkòrò ẹ̀jẹ̀ bá wà, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ sí i kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Bí kò bá sí, ẹ má torí rẹ̀ dúró. Ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ kọ penicillin. Bí kò bá kọ̀ ọ́, ampicillin 2 g ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, gentamicin 5 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, àti metronidazole 500 mg ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ láti inú iṣan. Bí ẹ bá fura sí streptococcus ẹ̀yà A, ẹ fi clindamycin kún un, torí ó ń dá májèlé kòkòrò náà dúró. Àṣìṣe tó pọ̀ jù wà níbi gentamicin: ẹni tó wọn 60 kílò, 300 mg ni tirẹ̀, ámpúùlù 80 mg kan ṣoṣo kò tó nǹkan kan. Bí kò bá tọ̀, ẹ fún un ní ti àkọ́kọ́, kí dókítà pinnu èyí tó kàn.

Omi dírípù: Ringer's lactate tàbí normal saline, 500 ml láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ẹ tún wò ó kí ẹ tó so òmíràn kọ́. Fún wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè tó 30 ml fún kílò kọ̀ọ̀kan. Dextrose 5% kò ṣiṣẹ́ yìí, kì í dúró nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru oyún, àìtó ẹ̀jẹ̀ tó le tàbí àìsàn ọkàn, 250 ml ni kí ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, torí omi lè kún un. Rọ́bà ìtọ̀ pọn dandan: 30 ml ní wákàtí kan ni ó kéré jù. Ẹ fún un ní ọ́síjìn bí ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síwájú, kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹ kọ aago rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì pe ibi tí ẹ ń gbé e lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ ni pé abẹ́rẹ́ nìkan kì í sábà tó. Èérún olóbì tó kù nínú ilé ọmọ ti kú, ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀, oògùn náà kò lè débẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó o jáde, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, kó sì jẹ́ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, torí ilé ọmọ tó ní àrùn máa ń rọ̀, ó rọrùn láti lu. Ọyún inú ọmú tàbí ti ojú iṣẹ́ abẹ, a ó tú u jáde. Bí ìgbóná kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72, ọyún fara pamọ́ síbì kan, kí wọ́n wá a. Nígbà mìíràn ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ti jẹrà. Bí dókítà bá ní kí a yọ ọ́, ẹ béèrè ìdí kíákíá, kí ẹ má sì fi òru kan jíròrò.

Fún aboyún, omi tó ya tó sì ń rùn, ìgbóná pẹ̀lú ìhà dídùn, tàbí ọkàn ọmọ tó ń lù ju 160 lọ, ilé ìwòsàn ni. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ó má na gbalaja. Ẹni tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, tàbí tí wọ́n ṣẹ́ ẹ fún, kí ó sọ òtítọ́ fún dókítà. Ìtọ́jú ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó mọ́ láti fi fọ ojú egbò kò burú. Ewé, álọ́ọ̀mù àti ọtí tí wọ́n ń kì sínú ojú ara ló ń gbé kòkòrò wọlé. Ẹ̀yin aboyún tó ń gbèrò láti bí láìsí iṣẹ́ abẹ, ẹ bi agbẹ̀bí yín nípa oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ azithromycin, 2 g, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lásìkò ìrọbí: ìwádìí tó jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin tó ju 29,000 lọ ní orílẹ̀-èdè méje, tó fi mọ́ Kẹ́ńyà àti Sáḿbíà, fi hàn pé ó dín sepsis tàbí ikú ìyá kù láti 2.4 sí 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí wọ́n bá gba àbúrò yín sílé ìwòsàn, ampicillin àti gentamicin kò ní kí ó má fún ọmọ lọ́mú. Bí kò bá lágbára, kí wọ́n máa fún wàrà náà sínú ife tó mọ́ fún un, kí wàrà má bàa gbẹ. Kí ó má kúrò lórí abẹ́rẹ́ títí ara rẹ̀ á fi wà láìgbóná fún wákàtí 48, kí ẹ sì máa ka èémí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó bá dé ilé. Bí ìgbóná bá padà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dá a padà.