Ọ̀gá ń yí iṣẹ́ padà láàárín sprint, tíìmù mi ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò tíì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìsanwó lórí fóònù ní Yaba gbà mí gẹ́gẹ́ bí agile coach, ẹni tó ń kọ́ tíìmù láti máa ṣe iṣẹ́ ní ìpele kúkúrú kúkúrú tí wọ́n ń pè ní sprint. Tíìmù ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Ní standup, ìpàdé kúkúrú tí a máa ń ṣe láràárọ̀, ojú ọ̀gá ni gbogbo wọn máa ń wò tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ní retro, ìpàdé ìparí sprint tí a fi ń yẹ bí a ṣe ṣiṣẹ́ wò, tí mo bá béèrè ohun tí kò dára, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Iṣẹ́ tí a fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ọ̀gá á ti pe ẹnì kan sí kọ̀rọ̀ pé kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe èyí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú làálàá. Mẹ́ta ni ẹjọ́ tí o rò, àmọ́ ibì kan náà ni mo rò pé gbogbo wọn ti ń wá: ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó tì í rí, kó ṣàlàyé ohun tó yẹ kí òun náà máa ṣe lábẹ́ ètò tuntun yìí. Àwa coach fẹ́ràn láti máa kọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù, torí pé àwọn ló rọrùn láti bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ la máa ń sá fún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Má gbé òfin lọ bá a. Lóòótọ́, ìwé ìlànà Scrum (ètò iṣẹ́ tí à ń lo sprint nínú rẹ̀) tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ, tí wọ́n tún ṣe ní 2020, sọ ọ́ kedere pé tí sprint bá ti bẹ̀rẹ̀, a ò gbọdọ̀ ṣe àyípadà tó máa ba àfojúsùn sprint náà jẹ́. Àmọ́ ọ̀gá wo lo máa ka ìwé sí létí tí inú rẹ̀ á dùn? Àkọsílẹ̀ ni kí o mú dání. Fún odindi sprint méjì, kọ gbogbo iṣẹ́ tó já wọlé láìròtẹ́lẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tó dé, iṣẹ́ tí wọ́n pa tì nítorí rẹ̀, àti ọjọ́ tí èyí tí wọ́n pa tì náà wá parí. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kó má baà dà bí ẹ̀sùn.

Ìṣirò kan wà tí John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961 tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Ká ní tíìmù rẹ ń parí iṣẹ́ 5 lọ́sẹ̀, tí 10 sì wà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀sẹ̀ 2 ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa gbà ní ìpíndọ́gba. Tí èyí tó wà lọ́wọ́ bá di 20, tí agbára wọn ò sì pọ̀ sí i, ó di ọ̀sẹ̀ 4 nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń kánjú gbà wà lára ohun tó ń pẹ́. Ìwọ àti òun nìkan ni kí ẹ jọ jókòó sọ ọ́. Ẹni tí a bá takò lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, iyì rẹ̀ ni yóò máa gbèjà, kò ní ráyè gbọ́ ohun tí à ń sọ.

Má sì kàn ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó oníbàárà lè kúrò nínú àkáǹtì kan kó má dé èkejì, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí irú ìyẹn dúró de sprint tó ń bọ̀. Torí náà, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú sprint kọ̀ọ̀kan fún pàjáwìrì, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ̀ ń pè ní pàjáwìrì. Gbogbo ohun tó bá kù, ọ̀dọ̀ Product Owner, ẹni tó ń pinnu iṣẹ́ tí tíìmù máa kọ́kọ́ ṣe, ni kó gbà wọlé. Tí àyè tí ẹ fi sílẹ̀ bá ti kún, tí òmíràn tún dé, ọ̀gá ni kó tọ́ka sí èyí tó máa jáde. "Èwo ni ká yọ, sà?" Mo ti rí i tí ìbéèrè kékeré yìí ṣe ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olówó ńlá ò lè ṣe.

Ní ti standup, ìṣẹ́jú 15 ni, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ló sì ni ín. Ìbéèrè mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, kí lo ṣe lánàá, kí lo fẹ́ ṣe lónìí, kí ló ń dí ọ lọ́wọ́, ti kúrò nínú ìwé ìlànà ti 2020. Lójú tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n tètè máa ń sọ èèyàn di ẹni tó ń jábọ̀ fún ọ̀gá. Bọ́ọ̀dù tí ẹ to iṣẹ́ sí ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, níbi tí iṣẹ́ tó kù díẹ̀ kó parí wà, kí ẹ bi ara yín pé kí ló kù kí èyí tó jáde. Ìwọ náà, kúrò níwájú. Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń wojú rẹ̀, wọ́n kàn pààrọ̀ ọ̀gá ni. Bẹ ọ̀gá pé kó má wá síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kó máa wá béèrè gbogbo ohun tó bá fẹ́ ní sprint review, níbi tí yóò ti fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tó parí.

"Kò sí wàhálà" tí wọ́n ń sọ ní retro ló yẹ kó kọ ọ́ lóminú jù. Amy Edmondson, ọ̀mọ̀wé kan ní Harvard, ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn nílé ìwòsàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1996. Àwọn wọ́ọ̀dù tí aṣáájú wọn dára ni àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ pọ̀ jù, ó sì rí i pé ẹ̀rù kì í ba àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ láti sọ ọ́ síta. Àmọ́ má pe ìdákẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ojo. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wọn pé a kì í já àgbà nírọ́ láwùjọ. Inú mi kì í dùn sí àwọn coach tó máa ń pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn má pe "sà" àti "mà" mọ́, kí wọ́n máa pe ara wọn lórúkọ. Má bá ẹ̀kọ́ ilé jà. Pín bébà, jẹ́ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ̀wé láìsọ̀rọ̀, po bébà náà pọ̀, kí o wá kà á sókè fúnra rẹ. Kí ẹni tó jẹ́ àgbà jù sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Má bi wọ́n léèrè ohun tí kò dára, torí orúkọ ẹnì kan ló máa ń wà nídìí ìdáhùn rẹ̀; béèrè ohun tó dá iṣẹ́ báyìí dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Tí Yorùbá tàbí Pidgin bá yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tó bá jáde, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi sínú sprint tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ṣe é tán. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí nǹkan kan ò yí padà, ẹnu wọn á tún padé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi velocity, ìyẹn iye point tí tíìmù ń parí nínú sprint kan, wé tíìmù kan pẹ̀lú òmíràn, má gbà. Point ni òǹkà tí wọ́n fi ń sọ bí iṣẹ́ kan ṣe tóbi tó, tíìmù kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá tirẹ̀ díwọ̀n. Tí o bá fi wọ́n díje, point á pọ̀ sí i, iṣẹ́ ò ní pọ̀ sí i.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá wo àkọsílẹ̀ rẹ kó sì kọ̀ jálẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ fún ìdánwò sprint kan ṣoṣo. Tó bá kọ ìyẹn náà, lọ bá ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, kí o sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé àṣẹ tó lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí ò sí lọ́wọ́ tíìmù. Tí o bá sì fẹ́ kí a jọ wo àkọsílẹ̀ náà kí o tó gbé e lọ, kọ̀wé sí mi tí sprint kejì bá parí.